Kókó Kejì Lára Òwú Afí

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí àwọn tó wà lẹ́yìn jókòó sórí ẹní, kí ẹnikẹ́ni má dúró lé mi lórí bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ìtàn bí mo ṣe fẹ́ ìyá yín àgbà, ẹ ti gbọ́ ọ títí ó fi sú yín. Kò sí Ọdún Iṣu kan tí n kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo pè yín lónìí nítorí pé láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àṣìsọ ni mo ń sọ. Irọ́ kọ́ o! Ohun tí mo mọ̀ ni mo ń sọ, n kò kàn mọ gbogbo rẹ̀ ni.

Kosí ló fa ọ̀rọ̀. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. Kosí ọmọ ọmọ mi yìí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lomé, wálé lọ́jọ́ Àìkú, ó sì kó ẹ̀rọ ìdẹja méjì dání, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní mùlínẹ̀. Ara ọ̀pá ni wọ́n ń so ó mọ́, òun ló ń ká okùn ìwọ̀ sára. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tà á ní kó lọ dán méjèèjì wò, kó mú ọ̀kan, kó dá ọ̀kan padà. Méjèèjì jọra bí ìbejì, àfi ti ìjánu wọn. Ìjánu yẹn ni nǹkan róbótó kan tí a ń yí. Bí o bá yí i le, ẹja á fa okùn títí kó tó rí díẹ̀ gbà. Bí o bá dẹ̀ ẹ́, ẹja á máa sáré lọ bó ṣe wù ú. Ti ọ̀kan wà níwájú, lórí ibi tí okùn ká sí. Ti èkejì wà nídìí, lẹ́yìn pátápátá. Kosí ní, "Baba, èwo ni kí n mú?"

Èmi tí mi ò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí láyé! Mo gbà á, mo fa okùn rẹ̀ díẹ̀. Ó dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Háà! Mo mọ ohùn yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti gbọ́ ọ rí, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ìgbà tí ìlú wà lọ́wọ́ àwọn Faransé ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé àwọn Jámánì lọ. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ ọ̀ranyàn. Kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè, á ránṣẹ́ sí baálẹ̀, baálẹ̀ á ka orí àwọn ọkùnrin, iṣẹ́ títì lo ń lọ nìyẹn. Ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé ọkọ́ rẹ, ìwọ lo máa di oúnjẹ rẹ dání, bí o bá pẹ́ dé, gàdì, ọlọ́pàá wọn, ló máa wá kí ọ nílé. Títì tí àwọn zẹ́mì yín ń fi alùpùpù wọn sáré lórí rẹ̀ lónìí tí wọn ò ní jẹ́ ká sùn, ẹ̀yìn wa ló gbé e jáde. Síbẹ̀, ẹ má rò pé ẹkún la fi gbogbo ìgbà sun. A máa ń kọrin. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè ní Agbonou níbí, gbogbo wa á jọ da ọkọ́ sílẹ̀, a ní ó ní ká sinmi.

Òyìnbó kan ń bójú tó wa níbi iṣẹ́ náà. Orúkọ rẹ̀ kò gbà lẹ́nu wa, Ojú-Àkùkọ la ń pè é, nítorí bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń pọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú, Ojú-Àkùkọ a máa lọ dẹ ẹja lábẹ́ afárá. Ọjọ́ kan ló mú èmi àti ẹnì kan lọ láti bá a ro ẹ̀bá odò. A gbọ́ tí ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ ń ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹja ńlá ti gbé e. Kàkà kó jẹ́ kí ẹja sáré, ìjánu ló dì mú, ó ń yí i le, ó ń yí i le, ojú rẹ̀ ń pọ́n sí i. Pàà! Okùn já. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ amọ̀. Àwa méjèèjì yíjú sínú igbó, a fi ewé bo ẹnu. Kò sí ilé kan ní Agbonou tí mi ò ti sọ ìtàn yẹn, tí mi ò sì fi òyìnbó yẹn rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, àmọ́ èmi ò tíì di àgbà nígbà yẹn, ẹ̀rín nìkan ni mo mú bọ̀.

Afí, ìyá yín àgbà, ni mò ń wá láti fẹ́ nígbà náà. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Bí o bá wọ agboolé wọn, ohun tó máa kọ́kọ́ kí ọ ni òfì, kàtà-kàtà, kàtà-kàtà, láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Òwú gígùn á nà sílẹ̀ níwájú òfì gba àárín agbo ilé kọjá, wọn á so ìdí rẹ̀ mọ́ òkúta tó wà lórí pákó pẹlẹbẹ. Bí baba Afí bá ṣe ń hun, tó ń ká aṣọ sọ́dọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà á máa wọ́ tẹ̀lé e lórí ilẹ̀. Ràà... yóò dúró. Ràà... yóò tún dúró. Kì í jẹ́ kí òwú dẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó já. Mo lè jókòó máa wò ó látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àbí n ò tiẹ̀ sọ ibi tí mo ń jókòó sí fún yín rí? Inú oòrùn ni. Ìyá Afí kò fẹ́ràn mi. Bí mo bá ti wọlé, á gbé àpótí fún mi síbi tí oòrùn ti ń pa bí iná, igi máńgòrò sì wà níbẹ̀ tó ṣíji bo ìdajì ilé. Akọ̀wé kan wà níbi ọkọ̀ ojú irin tó ń wá Afí náà, tí bàtà rẹ̀ ń dán. Òun, abẹ́ máńgòrò ni wọ́n máa ń fi ìjókòó tirẹ̀ sí. Màá láàgùn títí, ìyá yẹn á wò mí, á ní, "Ṣé ooru ń mú ọ ni?" Màá ní, "Rárá o, Ìyá." Afí á sáré wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ilé wọn, nítorí kò sí i mọ́. Bí ọkùnrin bá wá ọmọ wọn, ọmọ náà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ran òwú, á lọ́ mẹ́fà pọ̀ di ọ̀kan, á fi ìda oyin ra á. Òwú yẹn ni ọkùnrin á so ìwọ̀ mọ́, tó máa fi pa ẹja odò tí àwọn àna máa fi jẹ iṣu tuntun. Ṣùgbọ́n wọn kì í wo ẹja. Òwú ni wọ́n ń wò. Bí ó bá padà wá láìjá, ìyàwó di tìrẹ. Bí ó bá já, wọ́n ní ẹni tó já òwú ọmọ wọn á já ọmọ náà. Bí wọ́n bá sì rí i pé ọwọ́ obìnrin mìíràn wà nínú rẹ̀, ìtìjú ni fún ọmọ náà àti fún ẹni tó bá a ṣe é, wọ́n ní kò tíì tó ilé ọkọ gbé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń fún ọ. Èmi rèé, bí n kò bá mú òwú yẹn bọ̀ ní pípé, ẹni bàtà dídán ló máa gbé Afí lọ.

Ìwọ̀ tí mo so mọ́ ọn, wáyà Kamina ni, ilé ẹ̀rọ ìròyìn àwọn Jámánì àtijọ́. Àwọn irin gíga tí àwọn Jámánì fúnra wọn wó lulẹ̀ kí wọ́n tó juwọ́ sílẹ̀, wáyà wà nínú rẹ̀ tí kì í dípẹtà. Alágbẹ̀dẹ wa a máa tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀. Ìròyìn ogun òyìnbó ni wọ́n fi ń gbọ́ nígbà kan, àwa fi pa àrọ̀. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Kòmlá ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ mú mi lọ sí odò Mono. Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀ dẹ jù ú lọ. Tirẹ̀, ọwọ́ ni ìjánu. Á fi ewé kókò wé àtẹ́lẹwọ́, okùn á gba inú rẹ̀ kọjá, bí ẹja bá fà, á dẹ ọwọ́, bí ẹja bá dúró, á fa tirẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ní etí. Ó máa ń gbọ́ ohun tí ẹja ń sọ." Ṣùgbọ́n n kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ tèmi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fa òwú Afí jù. Ni mo bá rántí òkúta baba rẹ̀. Mo ní bí òkúta bá lè wọ́ tẹ̀lé òwú nínú agbo ilé láìjá a, kí ló dé tí kò fi ní wọ́ tẹ̀lé ẹja lórí yanrìn?

Ọgbọ́n ni, àbí? Ọgbọ́n gidi ni. Ibi tí mo ti ya wèrè ni pé mi ò wá òkúta lódò. Òkúta baba Afí gan-an ni mo lọ gbé. Mo ní òkúta tó ti ń fa òwú láti ogún ọdún, ó ti mọ ìwà òwú. Òfì ń sinmi nítorí ọdún, Afí bá mi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mo gbé e jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rù ú lórí láti Agbonou dé Mono, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wà lágbede méjì ọ̀run. Kòmlá, tó ti ń dúró dè mí lódò, rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ṣé òkúta ti tán lódò ni?" Ó tún gbé e wò. "Ọ̀rẹ́ mi, èyí wúwo jù. Wá kékeré." Mo ní rárá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni mo ní kí ìlà iṣẹ́ títì tún tó kàn mí, mo fẹ́ kí ẹja tètè rẹ̀ ẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì ni a fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ìyá yín ní kí n má sọ èyí níwájú ọmọdé. Mo ti sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ kẹta ni ẹja gbé e. Èmi àti Kòmlá wà lórí yanrìn, a rí i tí akèrègbè kékeré tí mo so mọ́ àárín okùn rì lójijì. Òkúta mi, ràà! Ó wọ́. Ó dúró. Ràà! Ó tún wọ́. Ẹ ò rí i bí inú mi ṣe dùn tó! Mo ń jó lórí yanrìn. Mo ní, "Kòmlá, wo òkúta àna mi!" Ibi tí mo ti ń jó ni òkúta dé etí omi, ó há sẹ́yìn gbòǹgbò igi. Kò wọ́ mọ́. Òwú le tantan, omi ń ta jáde lára rẹ̀. Kòmlá ń pariwo, "Dẹ̀ ẹ́! Dẹ̀ ẹ́!" Kí ni mo fẹ́ dẹ̀? Òkúta kò ní etí. Kí n tó dé ibẹ̀, pàà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí ojú Afí nínú omi yẹn. Mo rí bàtà akọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo tún rí akèrègbè mi tó léfòó jìnnà, tó ń sáré lọ. Ẹja ṣì wà nídìí rẹ̀! Mo bẹ́ sódò. Mo wẹ̀ títí mo fi dì í mú. Kòmlá ń sáré lẹ́bàá odò, ó ń ké, "Jẹ́ kó lọ! Jẹ́ kó máa lọ! Ìwọ sáà tẹ̀lé e!" Mo jẹ́ kó lọ. Bí ó bá fà, màá dẹ ọwọ́, bí ó bá dúró, màá fà díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ ní etí lóòótọ́. Nígbà tí oòrùn fi máa rọlẹ̀, a gbé àrọ̀ kan jáde tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ mi. Yanrìn yẹn kò sí mọ́. Wọ́n ti sé Mono nítorí iná mànàmáná, omi ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà ilé la ti jókòó, mo ta òwú náà pọ̀. Kókó àwọn ahunṣọ ni mo ta, pẹlẹbẹ, kékeré, bí baba Afí ṣe máa ń ta á kó lè gba inú òfì kọjá. Mo ti rí i ta á tó. Mo fi ìda ra á. Mo wò ó, èmi fúnra mi ò rí i mọ́.

Ọjọ́ kejì, gbogbo ẹbí pé. Ìyá Afí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú igbá òwú lórí ẹsẹ̀. Baba Afí kì í fi ojú wo òwú, ìka ló fi ń wò ó, á gbójú sókè bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Òwú ń gba ìka rẹ̀ kọjá, ó ń ká sínú igbá. Ó dúró.

"Ṣé ó já ni?"

Mo lè purọ́. Àwọn tó kù ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀. "Ó já, Baba. Èmi ni mo já a. Òkúta yín ni mo fi fà á, ó sì wúwo jù."

"Hẹn-ẹn," ó ní. "Mo ti ń wá òkúta mi láti ìjẹrin."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó tún ń fa òwú lọ. Ó tún dúró, níbi tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Kókó mìíràn, róbótó bí hóró ọkà bàbà. Èmi ò ta á! Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo wo Afí, Afí ń wo ilẹ̀. Mo ní háà, òwú já mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń ran án, bóyá ẹnì kan bá a ta á. Bí mo bá ní èmi kọ́, ó tán fún un nìyẹn.

Baba rẹ̀ ní, "Èyí ńkọ́?"

Mo ní, "Èmi náà ni, Baba."

Ọkùnrin yẹn wò mí. Ó wo òwú. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ fún un ní ìyàwó rẹ̀. Òwú tèmi náà ń já lójoojúmọ́, títa ni mò ń ta á." Bí mo ṣe fẹ́ Afí nìyẹn. Bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ láti ìgbà náà nìyẹn, pé mo gba ẹ̀bi òwú tí ìyá yín kò mọ̀ ọ́n ran.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo tún sọ ọ́ fún Kosí, mo dé ibẹ̀ yẹn, mo yangàn bí mo ṣe máa ń yangàn. Ni Kosí bá kọjú sí ìyá yín tó ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín mọ́ báyìí, báwo ni òwú yín ṣe já?"

Afí gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀. "Ó ti tó! Láti àádọ́ta ọdún lo ti ń bú òwú mi níwájú ọmọ àti ọmọ ọmọ. Òwú mi ò já! Èmi kọ́ ni mo ta kókó yẹn."

Mo ní, "Ta wá ni?"

"Ìyá mi ni."

Ẹ gbọ́ bó ṣe wí i. Ẹ̀gún gún un lọ́wọ́ nígbà tí òwú kù díẹ̀ kó parí, ìka rẹ̀ wú, ọdún sì ti dé tán. Ìyá rẹ̀ gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ran èyí tó kù, ó ta á mọ́ ti ọmọ rẹ̀. Afí ní, "Ìyá, ṣebí ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀?" Ìyá rẹ̀ ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó jókòó sínú oòrùn láti ọjọ́ yìí tí kò bínú, tí kò dìde, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fún ọ. Má sọ fún un o. Bó bá mọ̀, á sinmi."

Ìdí nìyẹn tí baba rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. Òwú ìyàwó rẹ̀ ló fi ń hun aṣọ láti ogún ọdún. Ṣé kókó ọwọ́ ìyàwó ẹni ló máa ṣòro láti mọ̀? Ká ní mo sọ pé èmi kọ́, lójú gbogbo ẹbí, obìnrin tó gbé igbá lórí ẹsẹ̀ yẹn ni ìtìjú ì bá bá.

Mo bi Afí léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó ní, "Inú rẹ máa ń dùn tó bá ti dé ibẹ̀. Mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Kosí, mú èyí tí ìjánu rẹ̀ wà lẹ́yìn. Mo ti dán méjèèjì wò. Èyí tó wà níwájú lágbára, ó ń dẹ̀ ní jẹ́jẹ́, ó dà bí òkúta àna mi, ṣùgbọ́n ilé lo ti gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa wúwo tó, kó o tó rí ẹja. Bí o bá ṣì í, ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ kọjá níwájú okùn kó o tó rí i tún ṣe. Èyí tó wà lẹ́yìn kò lágbára tó o, àmọ́ ọwọ́ rẹ tètè ń dé ibẹ̀ nígbà tí ẹja ń sáré. Ìwọ, ara rẹ gbóná bíi tèmi. O máa ṣì í. Mú èyí tó máa jẹ́ kó o lè tún un ṣe.

Ohun tó kù tí mo pè yín fún nìyí. Lẹ́yìn tí mo fẹ́ Afí, ìyá rẹ̀ gbé àpótí mi bọ́ sábẹ́ máńgòrò. Mo rò pé nítorí pé mo ti di àna ni. Mi ò béèrè. Ó gbé ọdún púpọ̀ sí i láyé, mo sì ń jókòó síbòóji rẹ̀, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan fún òwú yẹn.

Lówùúrọ̀ òní, mo gbé àpótí mi lọ sẹ́yìn ilé wọn àtijọ́, níbi tí a sin ín sí. Kò sí igi níbẹ̀ mọ́. Mo jókòó sínú oòrùn, mo ń láàgùn. Afí wá bá mi, ó ní kí n dìde, kí n má lọ fi oòrùn pa ara mi. Mo ní kó jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ sí i, ooru kò mú mi.